Àkùkọ Tó Kúnlẹ̀ ní Ìfọ́n

Bí ẹ bá gbọ́ tí ẹnì kan ń sọ pé òun kò jowú rí láyé òun, ẹ jẹ́ kó sọ tirẹ̀ tán, kí ẹ sì máa bá tiyín lọ. Èmi jowú. Mo jowú débi pé mo fi odindi ọ̀sán ọjọ́ kan wà nínú orí adìyẹ tó ń rùn, nínú oòrùn, lójú àwọn ará Ìfọ́n. Àbúrò mi obìnrin ni mo ń jowú rẹ̀. Oṣù mẹ́rin péré ni mo fi jù ú lọ.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé oṣù mẹ́rin náà kí n tó máa bá ìtàn lọ. Ìyá mi ni ìyálé nílé wa ní Ìlobù. Ọdún mẹ́fà ló fi wà nílé ọkọ láìgbọ́ ohùn ọmọ, ni bàbá mi bá fẹ́ ìyàwó kejì. Ìyàwó náà kò tíì pé oṣù mélòó kan nílé tí ìyá mi fi lóyún, kí wọ́n sì tó yọ ayọ̀ yẹn tán, ìyàwó náà ti lóyún. Ìyá mi ló kọ́kọ́ bí. Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn rẹ̀, ìyàwó bí tirẹ̀, obìnrin bíi tèmi. Bí ẹnikẹ́ni ládùúgbò bá ṣèèṣì sọ pé ìbejì bàbá ni wá, ìyá mi á ti inú yàrá dáhùn: "Oṣù mẹ́rin kì í ṣe ọjọ́ mẹ́rin o!"

Òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ni bàbá mi kó tó fẹ̀yìn tì, tó wá gbájú mọ́ oko ẹ̀gẹ́ rẹ̀. Ẹni tó fẹ́ kí ilé òun tòrò ni. Ó mọ̀ pé ibi tí obìnrin méjì bá wà, ohun kékeré ló ń di ariwo, ló bá ṣe òfin. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dáyé ni ẹ̀gbọ́n, ì báà jẹ́ ọjọ́ kan ló fi ṣáájú. Àbúrò á máa kúnlẹ̀ kí ẹ̀gbọ́n ní àràárọ̀, kò sì ní dìde títí ẹ̀gbọ́n á fi dá a lóhùn. Bí àwa méjèèjì bá jọ lọ síwájú àgbà, tí ẹ̀gbọ́n bá ti kúnlẹ̀, àbúrò kò gbọdọ̀ wà lóòró. Bàbá mi rò pé òfin yẹn á dá owú dúró. Owú kò mọ òfin.

Àbúrò mi pa á mọ́. Kódà nígbà tí a ti di ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì tí wọ́n ti ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́, tí àwọn ẹgbẹ́ wa ń fi orúkọ pe àwọn tó fi ọdún mẹ́ta jù wọ́n lọ, á kúnlẹ̀ lórí orúnkún méjèèjì lẹ́nu ọ̀nà yàrá mi láràárọ̀, á ní, "Ẹ káàárọ̀, ẹ̀gbọ́n mi." Èmi sì máa ń pẹ́ kí n tó dáhùn. Mo lè máa wá pákò tó wà lẹ́nu mi. Mo lè máa ká aṣọ tí mo ti ká tẹ́lẹ̀. Kò sẹ́ni tó mọ̀ pé mo mọ̀ọ́mọ̀ ń ṣe é àyàfi òun, kò sì fẹjọ́ mi sùn rí.

Kí n má purọ́, kò sí ohun mìíràn tí mo fi jù ú lọ. Ó ga, ara rẹ̀ ń dán, ohùn rẹ̀ dùn bí ẹni pé kò fi ọ̀fun sọ̀rọ̀. Èmi jọ bàbá mi: èjìká fífẹ̀, ọrùn kúkúrú, ẹsẹ̀ tó tó gbé àpò gàrí. Ẹwà kọ́ ló ń dùn mí jù. Ẹ̀rín ló ń dùn mí. Bí àbúrò mi bá rẹ́rìn-ín, bàbá mi á ti bá a rẹ́rìn-ín kó tó béèrè ohun tó pa á lẹ́rìn-ín. Bí èmi bá sọ ọ̀rọ̀ àwàdà, tí mo sọ ọ́ dáadáa, á gbé ojú sókè kúrò lára rédíò rẹ̀, á ní, "Ó dáa, ó dáa." Ó dáa! Bí ẹni pé mo mú èsì ìdánwò wálé.

Ní ọdún kejì wa ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ni wọ́n lẹ ìwé mọ́ ara pátákó pé kí àwọn tó bá fẹ́ ṣe ṣíàlídà wá. Àwọn ọmọbìnrin tó máa ń jó, tí wọ́n ń fò, tí wọ́n sì ń kọrin láti fi ṣe kóríyá fún àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù tàbí tó ń sáré là ń pè bẹ́ẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, kò sí bọ́ọ̀lù, kò sí eré sísá. Kóríyá gan-an ni àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì agbègbè wa fẹ́ fi díje, ní pápá ilé-ìwé kan ní Ìfọ́n. Kọ́lẹ́ẹ̀jì kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ mú ẹranko tó wà lára báàjì rẹ̀ dání, ìyẹn ni pé kí ènìyàn wọ aṣọ ẹranko náà, kó máa jó níwájú àwọn ọmọbìnrin. Tiwa jẹ́ àkùkọ.

Àwa méjèèjì la jọ lọ fún ìdánwò. Àbúrò mi kò tíì jó dé ìdajì tí ọ̀gá eré ìdárayá wa fi sọ pé kó bọ́ síwájú, òun ni olórí. Nígbà tó kàn mí, ọ̀gá náà wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, ó ní, "Ìwọ, yí ẹ̀yìn padà, jẹ́ n rí èjìká ẹ." Inú mi dùn. Mo rò pé ó rí ohun tí àwọn yòókù kò rí. Ó wọ yàrá ìkẹ́rùsí lọ, ó gbé orí adìyẹ kan jáde, ó sì fi dé mi lórí níbi tí mo dúró sí. Ọmọkùnrin tó ń wọ̀ ọ́ tẹ́lẹ̀ ni wọ́n ti rán lọ kọ́ṣẹ́ olùkọ́ ní ìlú mìíràn. "Ó bá ẹ mu gẹ́lẹ́," ni ọ̀gá wí, "bí ẹni pé wọ́n wọn èjìká ẹ kí wọ́n tó rán an." Gbogbo wọn pàtẹ́wọ́. Àbúrò mi náà pàtẹ́wọ́, mo sì gbọ́ tirẹ̀ láàárín gbogbo wọn.

Wáyà àti fóòmù ni wọ́n fi ṣe orí náà, wọ́n fi aṣọ funfun bò ó, wọ́n sì fi àkísà kápẹ́ẹ̀tì pupa ṣe ogbe sí i lórí. Ó ń rùn bí òógùn ọmọkùnrin yẹn àti kẹrosíìnì tí wọ́n fi ń lé aáyán. Ṣòkòtò rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ yẹ́lò, fóòmù nípọn lójú orúnkún rẹ̀ méjèèjì nítorí pé àkùkọ gbọ́dọ̀ máa fò, kó sì máa yí gbirigbiri. Láti inú ihò tó wà lẹ́nu rẹ̀ lèèyàn ti ń ríran, ihò náà sì kọjú sílẹ̀. Ẹsẹ̀ àwọn ènìyàn ni mò ń rí. Bí ẹ bá dúró níwájú mi, mi ò lè sọ ẹni tí ẹ jẹ́ àfi tí mo bá mọ bàtà yín.

Ọ̀gá wa sọ̀rọ̀ kíkankíkan fún mi. N kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀. N kò gbọdọ̀ ṣí orí náà títí wọn ó fi ka èsì. Kí ẹnikẹ́ni tí kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ wa má mọ ẹni tó wà nínú rẹ̀. Ó wá fi ìka gún mi láyà, ó ní, "Ju gbogbo ẹ̀ lọ, rántí pé akọ ni ẹ́. Akọ kì í kúnlẹ̀. Tí o bá rí àgbà, na apá méjèèjì, kí o sì kọ bíi àkùkọ. Ṣé o gbọ́?" Mo ní mo gbọ́.

Nígbà tí a délé, bàbá mi ti gbọ́ pé àbúrò mi ló di olórí. Ó ń rìn yíká palọ̀. Ó ní òun á wá wò ó. Ìyá mi béèrè pé ṣé ní Ìfọ́n náà ni, ó ní ní Ìfọ́n ni. Ó yẹ kí ẹ mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ wà láàárín ìlú méjèèjì, ọ̀rọ̀ tó ti wà kí wọ́n tó bí bàbá mi, tí àwọn àgbà kì í sì í dá sílẹ̀ lójú ọmọdé. Kò sí ẹni tó lé bàbá mi ní Ìfọ́n, àmọ́ ó ti tó ọdún mẹ́wàá tí kò tẹ ibẹ̀. Nígbà tí èmi gba ẹ̀bùn ìwé kíkà nílé-ìwé girama, Ìlobù níbí ni wọ́n ti ṣe é, ó ní òjò fẹ́ rọ̀, kò sì wá.

"Ìwọ ńkọ́?" ó bi mí. "Kí ni wọ́n ní kí o ṣe?"

N kò mọ ohun tó wọ̀ mí lórí. Mo ní, "Èmi ni n ó máa gbé omi fún wọn, sà."

"Ìyẹn náà dáa. Iṣẹ́ ńlá ni ẹni tó ń fún ni lómi ń ṣe."

Ìyá mi wò mí láti ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná. "Omi?" ló wí. "Omi ni wọ́n ní kí ẹ̀gbọ́n máa gbé fún àbúrò?" Ó wọlé lọ, ó sì ní òun kò ní lè lọ sí Ìfọ́n kankan.

Irọ́ tí mo pa kì í ṣe lásán. Mo ti rí i lọ́kàn mi bó ṣe máa rí. Bàbá mi á jókòó, á máa wo àbúrò mi, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ á máa yà sí àkùkọ, nítorí mo ti pinnu pé n ó jó àkùkọ yẹn débi tí kò ní sí ẹni tó máa lè wo ibòmíràn. Wọn á ka èsì. N ó ṣí orí. Bàbá mi á rí i pé èmi ni, á sì rẹ́rìn-ín bó ṣe ń rẹ́rìn-ín sí i, láìbéèrè. Ohun tí mo ń wá kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo bẹ àbúrò mi pé kó má sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, mi ò ní sọ." Kò sì sọ, kódà fún ìyá tó bí i. Bí ó ṣe pa àṣírí náà mọ́ dáadáa tún ń bí mi nínú.

Ìyá mi ní àkùkọ kan lẹ́yìnkùlé, oníjàngbọ̀n ẹyẹ. Òun ni mo fi ṣe olùkọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi jókòó tì í lórí odó tí wọ́n dojú ẹ̀ dé, tí mò ń wo bó ṣe ń gbé ẹsẹ̀ kan dúró bí ẹni tó gbàgbé ohun tó fẹ́ ṣe, bó ṣe ń dorí kodò fi ojú kan wo ilẹ̀, bó ṣe ń ju apá kan sílẹ̀ tó bá ń yọ́ rìn lọ bá abo. Mo ń ṣe é tẹ̀ lé e nígbà tí ilé bá dá. Ọjọ́ kan ìyá àbúrò mi bá mi níbẹ̀ lórí ẹsẹ̀ kan, ó dúró díẹ̀, ó ní, "Ṣé kò sí o?" Mo ní ẹsẹ̀ ló kú tipiri. Ó bá mi fi omi gbígbóná ra á.

Ọjọ́ Sátidé ni ìdíje náà. A kó sínú bọ́ọ̀sì kọ́lẹ́ẹ̀jì láàárọ̀, mo gbé orí adìyẹ lé ẹsẹ̀ nínú àpò ìrẹsì kí ẹnikẹ́ni má rí i. Àwọn ọmọbìnrin méjìlá wọ síkẹ́ẹ̀tì àwọ̀ ewé, ti àbúrò mi nìkan ló dé orúnkún. Bàbá mi ló ní kí ìyá àbúrò mi fi aṣọ kún un kó tó jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ wọ̀ ọ́. Pápá náà kún. Yangí ló kún ilẹ̀ rẹ̀, koríko kò pọ̀ níbẹ̀. Wọ́n ta kánópì sí ẹ̀gbẹ́ kan fún àwọn àgbà. Kìnnìún kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ti ń rìn kiri, ìrù rẹ̀ ti já, ẹnì kan ń fi abẹ́rẹ́ gán an. Nígbà tí mo wọ aṣọ tán tí mo jáde láti ẹ̀yìn kíláàsì, ìyá àgbà kan tó jókòó síbi géètì fọwọ́ bo ẹnu, ó ní, "Eégún wo lèyí?" Wọ́n sọ fún un pé adìyẹ ni. Ó ní òun mọ adìyẹ.

Ìlù ilé-ìwé dún, a wọlé. Ẹ jẹ́ kí n fi ara mi yangàn díẹ̀, nítorí kò sí ẹni tó bá mi ṣe é nígbà náà. Mo jó! Mo ju apá sílẹ̀, mo yọ́ rìn lọ bá kìnnìún bí ẹni pé ó jẹ́ àgbébọ̀ mi. Mo gbé ẹsẹ̀ kan dúró níwájú àwọn adájọ́, mo gbàgbé ohun tí mo fẹ́ ṣe, mo rántí, mo fi ẹsẹ̀ tan ilẹ̀. Mo ń gbọ́ wọn. "Àkùkọ! Àkùkọ!" Ọkùnrin kan ní, "Ọmọkùnrin yẹn mọ iṣẹ́ ẹ̀ o." Àbúrò mi ń kọrin lẹ́yìn mi pẹ̀lú ohùn rẹ̀ tó dùn, kò sì sẹ́ni tó ń pè é. Òógùn ń ṣàn wọ ojú mi, ara mi gbóná bí ìgbà tí ibà dá mi dúbúlẹ̀, inú mi sì dùn tó bẹ́ẹ̀ tí mo ń rẹ́rìn-ín nínú òkùnkùn yẹn bí aṣiwèrè.

Ìgbà náà ni mo gbọ́ ẹ̀rín bàbá mi. Kò sí bí mo ṣe lè ṣì í mọ̀. Ẹ̀rín tí kò béèrè ni, tó kọ́kọ́ jáde kó tó mọ ìdí. Mo ní sí ara mi pé èmi ló ń rín ẹ̀rín náà sí. Mo tẹ̀ lé e. Mo jó lọ síbi tó ti ń dún, mo ń wo ilẹ̀, mo ń rí bàtà oríṣiríṣi lábẹ́ kánópì náà, títí mo fi rí sálúbàtà aláwọ̀ ilẹ̀ kan tí aránbàtà fi òwú àwọ̀ ewé rán okùn rẹ̀. Ti bàbá mi ni, èmi ni mo gbé e lọ fún aránbàtà.

Bí mo ṣe rí i, mo kúnlẹ̀.

N kò rò ó. Ogún ọdún ni orúnkún mi ti ń ṣe é, kò dúró gbàṣẹ lọ́wọ́ mi. Orúnkún méjèèjì kanlẹ̀ gbì, ẹnu mi sì ti sọ ọ́ tán nínú fóòmù: "Ẹ káàsán, sà." Bàbá mi náà, ara rẹ̀ ṣe ohun tó mọ̀. Ó gbé ọwọ́ lé ogbe pupa yẹn, ó ní, "O ó dàgbà, o ó dògbó."

Ẹnì kan wá pariwo láti ẹ̀yìn, "Àkùkọ kúnlẹ̀! Ẹ wò ó, obìnrin ni!" Ẹ̀rín bẹ́. Ẹ̀rín yìí kì í ṣe irú ti àkọ́kọ́. Mo gbọ́ tí ọ̀gá eré ìdárayá wa ní "Yéè, ó ti bà á jẹ́." N kò lè dìde. Mo ń wo òwú àwọ̀ ewé yẹn, mo sì ń rò ó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi wo adìyẹ, mo fẹ́ kí bàbá mi rí mi, ohun tó sì máa rí ni ẹni tó ba ọjọ́ ayọ̀ ọmọ rẹ̀ kejì jẹ́.

Ni mo bá gbọ́ ọ lẹ́yìn mi. Gbì. Orúnkún ẹnì kan. Lẹ́yìn náà, gbì, gbì, gbì, bí ìgbà tí wọ́n ń sọ àpò ẹ̀gẹ́ kalẹ̀ láti inú ọkọ̀. Àwọn méjìlá kúnlẹ̀. Àbúrò mi sì gbé orin láti orí ìkúnlẹ̀, orin tí a kò kọ́ rí: "Àkùkọ ń kí yín o, ẹ̀yin àgbà, ẹni tó kọ láàárọ̀ náà ń kí yín o." Àwọn yòókù gbè é. Àwọn bàbá àti ìyá tó wà lábẹ́ kánópì, àwọn tí kò sọ̀rọ̀ láti àárọ̀, wọ́n dáhùn: "Ẹ kú iṣẹ́ o! Ẹ ó dàgbà o!" Ọkùnrin kan ṣí fìlà. Ẹ̀rín yí padà di àtẹ́wọ́. Mo dìde, mo na apá méjèèjì, mo kọ tó bẹ́ẹ̀ tí ohùn mi fi há.

Àwa la gba ipò kìíní. Àgbà nínú àwọn adájọ́ ló mú ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó ní gbogbo wọn ló jó, ṣùgbọ́n kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ṣoṣo ló rántí láti kí àwọn òbí wọn. Ó ní kí olórí àwọn ọmọbìnrin náà bọ́ síwájú, nítorí pé òye rẹ̀ jinlẹ̀. Òye rẹ̀! Àwọn ènìyàn ya wọ pápá. Mo ṣí orí adìyẹ. Atẹ́gùn fẹ́ sí mi lójú, mo sì wá bàbá mi kiri. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo rí. Ó ti ká ọwọ́ mọ́ àbúrò mi lọ́rùn, ó ń fò bí ọmọdé láàárín àwọn ará Ìfọ́n tí kò bá sọ̀rọ̀ láti ọdún mẹ́wàá, wọ́n sì ń bá a yọ̀.

Mo dúró síbẹ̀ pẹ̀lú orí adìyẹ lábíyá. Mo kórìíra rẹ̀. Kí n sọ ọ́ bó ṣe rí: mo kórìíra rẹ̀ fún bíi ìṣẹ́jú márùn-ún. Gbogbo ohun ló ní, ó tún wá mú àṣìṣe mi, àṣìṣe tí mo fi orúnkún ara mi ṣe, ó sì fi gba ẹ̀bùn.

Ọkọ̀ kọ̀rọ̀pẹ́ la wọ̀ padà sí Ìlobù, nítorí bàbá mi ní kí àwa méjèèjì máa bá òun lọ. Ó jókòó síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ dẹ́rẹ́bà. Nígbà tó yíjú padà láti bá àbúrò mi sọ̀rọ̀, ojú rẹ̀ bọ́ sí ohun tó wà lórí ẹsẹ̀ mi.

"Kí lò ń fi orí adìyẹ yẹn ṣe? Ṣé ìwọ náà ni wọ́n ní kó o gbé e ni?"

"Èmi ni mo wọ̀ ọ́, sà."

Ó wò mí. Ó wo orí náà. "Ìwọ ni mo wúre fún?" Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Ó ní fún dẹ́rẹ́bà pé, "Ẹ gbà mí, mo wúre fún àkùkọ, àṣé ọmọ mi ni!" Ẹ̀rín tí mo ń wá nìyẹn, tàbí ohun tó jọ ọ́, inú mi sì ti ń yọ́. Kò pẹ́ tó yíjú sí àbúrò mi. "Ìwọ wá ńkọ́, ta ló kọ́ ẹ ní ọgbọ́n tó o dá yẹn?"

Mo di ojú mi. Mo mọ̀ pé ó tọ́ sí i kó gba ìyìn náà. Ẹnikẹ́ni á gbà á.

"Ọgbọ́n kọ́, sà," àbúrò mi dáhùn, bí ẹni tí wọ́n bi ní ohun tó hàn gbangba. "Ẹ̀gbọ́n mi ti kúnlẹ̀. Ṣé kí n wá dúró lé wọn lórí ni?"

Bàbá mi yíjú padà sí iwájú. Dẹ́rẹ́bà ní, "Bàbá, ẹ kọ́mọ o." Mo wo ojú fèrèsé, mo wo oko ẹ̀gẹ́ tó ń kọjá. N kò dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo tún jowú ìdáhùn náà, nítorí pé ó dára, òun kò sì mọ̀ pé ó dára.

Ìyá mi ti gbọ́ ìròyìn kí a tó wọlé. Ó fà mí wọ yàrá. Kò béèrè ẹni tó gba ipò kìíní. Ó ní, "Ṣé lóòótọ́ ni pé àbúrò ẹ kúnlẹ̀ lójú gbogbo ayé?" Mo ní ó kúnlẹ̀. "Lẹ́yìn ẹ?" Mo ní lẹ́yìn mi. Ó mí kanlẹ̀, ó sì jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ bí ẹni tó ti inú ìrìn àjò gígùn dé. Mo rí ojú rẹ̀ nígbà yẹn, ó sì dà bí ẹni pé dígí ni mò ń wò. Ìtìjú mú mi.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo wà lẹ́nu ọ̀nà yàrá mi, pákò wà lẹ́nu mi. Aṣọ wà lórí àga tí mo lè máa ká. Àbúrò mi ń bọ̀ láti ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀, ó ń rìn tìro tìro. Orúnkún rẹ̀ méjèèjì ti bó, pupa ni ibi tí yangí ti jẹ ẹ́, ìyá rẹ̀ ti fi òrí ra á, ó ń dán. Mo wo orúnkún tèmi lábẹ́ ìró mi. Kò sí àpá kan níbẹ̀. Fóòmù ló gbà á.

Ó dé iwájú mi, ó di férémù ilẹ̀kùn mú, ó ń rọra tẹ̀ bọ̀ sílẹ̀.

"Káàárọ̀," mo ní. "Ṣé o sùn dáadáa?"

Ó dúró sí agbede méjì, orúnkún rẹ̀ kò tíì kanlẹ̀. Ó gbójú sókè wò mí. Kò mọ̀ bóyá kí òun máa lọ sílẹ̀ ni tàbí kí òun dìde, nítorí n kò kọ́ ọ ní èyí rí.